Ẹ Má Tíì Kọ́ Ọ

Akọ̀wé, ọmọ ìyá mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ohun tó wà láàárín wa. Aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù, mo ti gbé e fún awakọ̀ tó ń kó ẹrù ilé iṣẹ́ yín, pẹ̀lú wáyà rẹ̀ àti páálí rẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ni ín máa ń bèèrè páálí ju aago lọ. Owó tí o fi ránṣẹ́ fún iná, mo ti san án. Ìyókù rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí, yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa kí o tó jù ú nù. Kẹ́tùlù tó ń sọ̀rọ̀, o ní kí n mú un, mo sì ti mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àròyé rẹ̀ pọ̀ ju omi tó ń sè lọ. Ó wá ku ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo jẹ ọ́, ìyẹn lórí ìwé àdéhùn tí àwọn atẹ̀wé rẹ ní kí n fọwọ́ sí. Lẹ́tà yìí ni mo fi san án.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nítorí ìjókòó má sì burú sí i. Àwa náà wà. Orúnkún mi ṣì ń ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi gun àtẹ̀gùn. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, ó ti sọ èmi di ọkọ̀: kò sí ibi tí mo yà sí nínú ilé tí kò ní kí n rọra.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ lórí fóònù, o máa ti dáhùn kí o tó kà á dé àárín. Tí mo bá sì pè ọ́, o mọ bí o ṣe ń fi ohùn tù mí. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, màá ti gbà. Lórí ìwé, o kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Mo fẹ́ kí a jọ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí o lè rí i pé mi ò gbàgbé oore. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn gbà ọ́, ìwọ lo kéré jù níbẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ ni wọ́n sì fà lé ọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ojú ewé rẹ wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń polówó ọkọ̀ àlòkù. O ń fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ ọ́, àfi bíi pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an ni o ń kọ ọ́ sí. Olóòtú yín pè ọ́, ó ní, "Ta lo ń kọ eléyìí fún?" Ilé mi lo gbà wá. O jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná mi, ojú rẹ pọ́n, o ní tí ọ̀sẹ̀ yẹn bá fi parí láìsí àyípadà, wọ́n máa lé ọ.

Fóònù tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà. O gbé e lé itan mi. Mo nu ọwọ́ mi, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ní, "Ibo ni kí n tẹ̀?" O fò dìde bí ẹni tí eèrà ta. Ohun tó jáde nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn: bí ẹ̀gbọ́n akọ̀ròyìn, tó ka ìwé mẹ́fà péré, ṣe wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀ títí omi tó gbé kaná fi gbẹ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yín pé bí ọ̀rọ̀ tàwọn náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Olóòtú gbé ojú ewé rẹ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e wá sí àárín.

Láti ìgbà náà lo ti ní òfin tìrẹ. Ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọ pé kí o yẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ mi ló ń kọ́kọ́ dé. O kò gbọdọ̀ ṣàlàyé, o kò gbọdọ̀ na ìka. Ìwọ á jókòó sórí àpótí, èmi á máa tẹ̀, ìwọ á máa kọ. Tí mo bá tètè rí ọ̀nà rẹ̀, o máa kọ pé ẹ̀rọ náà dára. Tí mi ò bá rí i, àwọn tó ṣe é gbé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè nǹkan, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń dúró de ohun tí ìka mi máa sọ. Òótọ́ ni iṣẹ́ náà nígbà yẹn, mo sì jẹ nínú rẹ̀. Fáànù tó ń fẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ibẹ̀ ló ti wá. Owó ilé ìwé àbígbẹ̀yìn mi, ìwọ lo san èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀.

Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ọ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ tuntun. Ìwé rẹ wá jáde, o sì sọ ọ́ ní Ibo Ni Kí N Tẹ̀? Èmi ni wọ́n yà síwájú ẹ̀. Mo ṣì rántí pé ẹni tó ya fọ́tò náà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó dorí rẹ̀ kodò, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n wò ó bíi pé ó fẹ́ bù mí jẹ. Mo wo ojú rẹ. O wo ilẹ̀. Ìwé náà tà dé ibi tí àwa méjèèjì kò dé rí. Ní àdúgbò wa, àwọn ọmọdé sọ mí ní Ìyá Ibo-Ni-Kí-N-Tẹ̀. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ ilé wa, tí mo bá ń kọjá, á na gìgísẹ̀ bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi, á ní, "Mà, ibí ni kí ẹ tẹ̀." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ṣùgbọ́n Akọ̀wé, ẹni tó ń tẹ nǹkan látọdúnmọ́dún, ṣé kò ní mọ̀ ọ́n ni? Àwọn ẹ̀rọ yẹn ò yàtọ̀ síra tó bí àwọn tó ń tà wọ́n ṣe ń pariwo. Àmì kan náà ni wọ́n ń yà, igun kan náà ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, o gbé ọ̀kan wá tó fẹ̀ tó àwo. Kí o tó rí bírò rẹ nínú àpò, mo ti tún aago rẹ̀ ṣe, mo ti yí èdè rẹ̀ padà, mo sì ti pe ọkọ mi láti inú rẹ̀, ojú rẹ̀ yọ gbàgà. Inú mi dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní. O kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ yí padà. O rọra gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi, o pa á, o tún gbé e lé mi lọ́wọ́ bíi pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ́ ọ."

Mo ṣe bí o ti wí, torí pé àbúrò mi ni ọ́, torí pé o sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń di ìka mi mú. Ìwọ ò mọ bó ṣe máa ń rí. Ojú á ti rí ọ̀nà, ìka á sì máa yà kúrò níbẹ̀ tipátipá. Ó dà bí ìgbà tí imú ń yún èèyàn, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ẹrù.

Jẹ́ kí n wá sọ ti ìlẹ̀kùn, torí a kò tíì sọ ọ́ láàárín ara wa bó ṣe yẹ. Ilé iṣẹ́ kékeré kan fi kọ́kọ́rọ́ kan ránṣẹ́ tí kò ní irin tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, fóònù ni wọ́n fi ń ṣí i. O mú káfíńtà wá, ó kàn án mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. O tún mú àwọn tó ń ya fídíò wá. Wọ́n gbé kámẹ́rà kékeré kan sórí àpótí aṣọ kó máa wò mí. Èmi wà nínú yàrá pẹ̀lú fóònù, ẹ̀yin wà ní pálọ̀, ohun tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ ni bóyá màá lè jáde.

Kí ìlẹ̀kùn tó pa dé tán ni mo ti rí i. Àwòrán àgádágodo kékeré kan wà nísàlẹ̀ ojú fóònù, ó pupa, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Ọmọ ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́. Mo na ìka sí i, ni mo gbọ́ ohùn rẹ láti ìta, "Ẹ fara balẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ìkánjú." Mo mọ ohun tí o ń sọ. Mo fa ìka padà. Mo tẹ ibi gbogbo tí kì í ṣe ibẹ̀. Mo bi ògiri pé ibo ni kí n tẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dìde, mo tún jókòó. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń ṣí ìgò ohun mímu. O mọ wíndò yàrá yẹn, irin ló wà lójú rẹ̀. Oòrùn gba àárín irin wọlé, ó wà lára àpótí aṣọ, ó kúrò níbẹ̀, ó gun ògiri. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó tó báyìí, kí n tẹ̀ ẹ́ kí n máa lọ. Bí mo ṣe na ìka báyìí, ojú fóònù ṣókùnkùn. Bátìrì ti kú. Pálọ̀ ni ṣáájà wà.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo kan ìlẹ̀kùn, mo ní bátìrì ti kú o, ẹ ṣí i fún mi. Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo pariwo. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya fídíò ní, "Èyí dùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pariwo." Akọ̀wé, o kò dá a lóhùn. Àfìgbà tí mo pe orúkọ tí màmá wa fi ń pè ọ́ ní kékeré, èyí tí mi ò fi ṣeré rí, lo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Fóònù tìrẹ ò sì lè ṣí i, torí tèmi nìkan ni ẹ so mọ́ ọn. Ọkọ mi ló wọlé bá yín níbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé yín tán, ó wá fi ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ní, "Ṣé ìwọ lo ti ara rẹ mọ́lé ni, àbí àwọn ló tì ọ́?" Òun ló wá irin tó fi tú ìlẹ̀kùn kúrò lára férémù tí mo fi jáde. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lára.

Kí lo wá kọ sínú ìwé ìròyìn? O kọ pé kọ́kọ́rọ́ náà le jù fún mẹ̀kúnnù, pé ẹ̀gbọ́n rẹ wá ọ̀nà rẹ̀ títí bátìrì fi kú. Fídíò yẹn làwọn èèyàn wò jù nínú gbogbo èyí tí o ti ṣe. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ọjà ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ́kọ́rọ́ náà kú. Ọjà tó dára ni o. Mi ò mọ̀ bóyá o fura tàbí o kò fura, mi ò sì bi ọ́. Mo kàn ń sọ fún ọ báyìí pé mo rí i kí ìlẹ̀kùn tó pa dé. Nígbà tí mi ò mọ nǹkan kan, òótọ́ ni ojú ewé rẹ. Ní báyìí tí mo ti mọ̀ ọ́n, irọ́ la jọ ń pa, àwọn tó ń fi owó wọn ra nǹkan nítorí ọ̀rọ̀ rẹ ò sì mọ̀.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ìwọ náà. O rántí ìgbà tí o lọ jókòó ti àwọn tó ń tú fóònù àlòkù palẹ̀, tí èéfín rẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn? O kọ ọ́, o kà á fún mi, mo sunkún. Mo sọ fún ọ pé èyí ló dára jù nínú gbogbo ohun tí o ti kọ. Olóòtú kà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ dà nínú rẹ̀?" Kò gbé e jáde. O wá sọ́dọ̀ mi, o ní bí o bá tilẹ̀ kọ̀wé nípa òṣùpá, wọ́n máa ní kí o gbé mi gùn ún. A rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n o kò mu omi tí mo gbé fún ọ.

Ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní oríta wa, tí wọ́n ti ń ta fóònù tí wọ́n sì ń tún un ṣe, obìnrin ló ni ín. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń kún ibẹ̀ láràárọ̀, torí orí fóònù ni owó wọn ń gbà wọlé báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ọjà níbẹ̀ ń kán wọn lójú. Obìnrin náà ń wá àgbàlagbà tó máa jókòó tì wọ́n, tó máa kọ́ wọn. Mo lọ. Ó gbé bàbá kan tó ti ṣe tíṣà rí síwájú mi, tó ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan fóònù ara rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo fa àpótí, mo jókòó, mo dákẹ́, bí o ṣe máa ń ṣe fún mi. Mo jẹ́ kó wá a fúnra rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà rí i, ó lu tábìlì, ó ní òun ò kú mọ́. Obìnrin náà ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ti ń jáde lọ nígbà tó pè mí padà. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wà lára ìwé kan?" Ó fa ìwé rẹ yọ lábẹ́ káńtà. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Mo rí ohun tí ẹ ṣe, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ta ló máa gbé fóònù tí owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀ fún Ìyá Ibo-Ni-Kí-N-Tẹ̀?" Mo ní mo ti kọ́ ọ tipẹ́. Ó ní, "Àbúrò yín ló sọ fún gbogbo ayé pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí òun náà sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n." Tó bá ti wà lójú ewé rẹ, ó ní òun á gé e, òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá sí, obìnrin mìíràn ń dúró, òun á sì gbà á láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé àdéhùn àwọn atẹ̀wé rẹ dé. Mo fara balẹ̀ kà á, mo ní kí ọkọ mi náà kà á. Wọ́n ní fún ìwé kejì àti fídíò tó máa tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí mi fún ọdún márùn-ún kí n máa fi ọwọ́ ara mi lo ẹ̀rọ ní gbangba, mi ò sì gbọdọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé, o mọ̀ mí, mo ṣírò rẹ̀. Owó náà ju owó oṣù ṣọ́ọ̀bù lọ fíìfíì. Á tún òrùlé ṣe, á gbé mi kúrò lórí àtẹ̀gùn yìí. Mo wá ṣírò apá kejì, ọdún márùn-ún tí màá fi di ìka mi mú, tí màá máa bi ògiri léèrè ọ̀nà. Nígbà tó bá fi parí, ó lè jẹ́ pé mi ò ní rántí mọ́ pé mo mọ̀ ọ́n rí. Owó yẹn ò tó. Ìwé wọn ló wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, mi ò fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ò pọ̀ lójú ìwé, mo sì mọ̀ pé ó pọ̀. Kọ ọ́ sójú ewé rẹ pé ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ ọ́n. Kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Fi àwàdà sí i tí o bá fẹ́, mi ò ní bínú. Mo ti ṣírò ohun tó lè ná ọ náà: olóòtú lè gba ojú ewé náà lọ́wọ́ rẹ, àwọn atẹ̀wé lè pa ìwé kejì tì, àwọn ọmọ rẹ sì wà nílé ìwé. Mi ò sọ pé ó kéré. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá kan wà nílé wa, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ṣùgbọ́n kò jò. Mo lè sọ ọ́ fún bàbá tó ń tún bàtà ṣe, mo lè sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi gbà á. Kálámù rẹ ló tì mí mọ́lé. Kò sí ẹlòmíì tó lè ṣí i láti ìta.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn tó le tó ọwọ́ rẹ. Kí iṣẹ́ tó gbé ọ dìde má jókòó lé ọ lórí. Gbogbo ohun tí o bá kọ, kó jẹ́ ohun tí o lè kà sókè létí àwọn ọmọ rẹ. Kí ẹ̀yìn rẹ san, kí ilé rẹ tòrò, kí ìyàwó rẹ máa rí ẹ̀rín rẹ kí àwọn ará ìta tó rí i.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ títí o fi ń tijú pé à ń pọ̀n ọ́.

Mo tún fi èyí kún un: má pè mí, má sì wá pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ọkọ mi ní tí o bá kan ìlẹ̀kùn, òun máa sọ pé a ò sí nílé, ó sì ti ń fi í dánrawò. Lẹ́tà yìí máa dé ọwọ́ rẹ kí ojú ewé rẹ tó wọ ilé ìtẹ̀wé. Màá fi owó ara mi ra ìwé ìròyìn náà, màá sì dúró sójú títì kà á, kí n tó mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù ni mò ń lọ tàbí ilé. Ọjọ́bọ̀, tí ojú ewé rẹ ń jáde, ni mò ń retí ìdáhùn rẹ.